Glenys Lọ Dìbò

Títí Glenys Probert fi lé láàádọ́ta ọdún, kò tíì dìbò rí. Ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, ìwé kíkà sì ṣòro fún un láti kékeré, ni gbogbo ilé bá gbà pé ọ̀rọ̀ ìbò kò kàn án. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó kó lọ sílé kan létí òkun Wales. Òun àti Tudur, tí ọ̀rọ̀ tiwọn jọra, ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Delyth, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, Delyth ń bó ọ̀dùnkún, ó ní, "Àǹtí Glenys, ta lẹ fẹ́ dìbò fún?"

Glenys bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Wọn ò gbà fún irú wa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òfin ò yọ yín sílẹ̀ o."

Delyth bá lu ihò sórí páálí bàtà kan bí àpótí ìbò, wọ́n fi kọ́ra bí wọ́n ṣe ń dìbò: ẹja díndín ni wọn yóò jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, àbí ọbẹ̀ àgùntàn? Ọbẹ̀ ni Glenys mú. Ẹja ló wọlé.

"Ojóró ni!"

"Ẹ ti fìdí rẹmi," ni Tudur wí. "Ẹ gbà bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin kan tó ń du ipò nínú ìbò tó ń bọ̀ wá mu tíì lọ́dọ̀ wọn. Ó sọ ọ̀rọ̀ ńláńlá títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ẹyọ kan," ni Glenys wí. "Bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa dá a padà?"

Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Obìnrin tóun náà ń du ipò, tó wá lẹ́yìn rẹ̀, ní òun máa jà kí bọ́ọ̀sì náà padà.

Emrys, ẹ̀gbọ́n Glenys, pe Delyth lórí fóònù. "Má wulẹ̀ yọra ẹ lẹ́nu. Màá sọ ẹni tó o máa bá a tẹ̀ ẹ́ fún."

"Ẹ má bínú, sà. Ìbò tiwọn ni. Kì í ṣe tiyín, kì í ṣe tèmi."

Lọ́jọ́ ìbò, òṣìṣẹ́ tó jókòó nídìí tábìlì wo Delyth lójú. "Ṣé ó mọ ohun tó wá ṣe?"

Delyth yíjú sí Glenys. Glenys bọ́ síwájú. "Èmi ni kẹ́ ẹ bi," ló wí. "Ìbò ni mo wá dì."

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Glenys ní kí Delyth tẹ̀ lé òun. Delyth ka orúkọ àwọn tó ń du ipò fún un níkọ̀ọ̀kan. Glenys fìka tọ́ èyí tó fẹ́, ó sì fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń na ọrùn wò, ṣùgbọ́n Delyth ò ní kó yára.

Obìnrin tó ní òun máa jà fún bọ́ọ̀sì náà ò wọlé. Glenys sunkún nídìí oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà náà ni Emrys pè é.

"Ta lo dìbò fún?"

"Àṣírí ni."

"Kódà èmi ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Kódà ẹ̀yin, Bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n torí bọ́ọ̀sì ni."

"Bọ́ọ̀sì wo?"

Glenys bá ròyìn fún un: láti ọdún tó kọjá tí bọ́ọ̀sì ò ti wá mọ́, ẹsẹ̀ lòun fi ń gun òkè lọ fọ abọ́ nílé tí wọ́n ti ń ta tíì, nínú òjò, nínú afẹ́fẹ́. Emrys ò mọ̀ rárá.

Nígbà tó di Sátidé, ó wá, ó ní kó mú òun gba ọ̀nà náà. Àwọn méjèèjì jọ gun òkè ọ̀hún, Glenys níwájú, Emrys ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.