Ọjọ́ Tí Mo Gbẹnu Sọ fún Sinimá Jàpáàn

Ẹ̀rín bàbá ará Jàpáàn kan ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, ẹ̀rín tíńrín bí ìgbà tí omi bá fẹ́ hó nínú kẹ́tù. Yunifásítì kan ní Arlington, nílẹ̀ òyìnbó, ni mo wà nígbà náà. Kọ̀mpútà ni mo ń kọ́, mo wá fi ẹ̀kọ́ sinimá kún un, torí mo rò pé a ó kàn máa jókòó wòran ni. Olùkọ́ wa pe bàbá náà wá láti Jàpáàn, ó sì ní kí n máa fi ọkọ̀ mi gbé e kiri, nítorí ní Arlington, ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lẹ́sẹ̀.

Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń kọ̀wé nípa sinimá, tó ń sọ èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ti àtijọ́ tí gbogbo ayé rò pé wọ́n ti sọnù. Lórí fíríwè, títì márosẹ̀ wọn, ló ti sọ fún mi pé inú àká ìrẹsì kan lóun ti rí èyí tóun gbé wá. Sinimá náà kò lóhùn. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wọn, ẹnì kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń tan sinimá sí, á máa gbẹnu sọ fún tọkùnrin tobìnrin inú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣe é lọ́sàn-án Sátidé, ó sì ti sọ ìtàn náà fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n. Èmi ọ̀yájú lọ kó àwọn ará ìjọ Yorùbá wa wá láti Richardson, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa.

Sátidé dé, ohùn bàbá lọ. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Olùkọ́ wa fẹ́ dá àwọn èèyàn padà sílé. Dókítà sì ti ní bàbá kò gbọdọ̀ rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá nawọ́ sí mi. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì mi kò lè gbé e.

Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, “Èdè wo ni ìyá rẹ fi máa ń bá ọ wí?”

“Yorùbá ni, sà.”

“Fi ìyẹn sọ ọ́.”

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, mo rọra bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìyá ọkọ inú sinimá yọjú sí ìyàwó tó ṣì ń sùn, ohùn ìyá mi ló bọ́ sí mi lẹ́nu: “Ìyàwó wa, ṣé ká gbé oúnjẹ wá bá yín lórí ibùsùn ni?” Ìyá ìjọ wa dá a lóhùn láti ìjókòó pé kó dákun fi ọmọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá ń rẹ́rìn-ín, bàbá ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbátí àga mú. Nígbà tí ìyàwó wá gbé ẹrù rẹ̀ jáde nínú òjò, n kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ìyá ìjọ ń nu ojú.

Bàbá ti papò dà báyìí. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ àwọn tó ń kọ̀wé nípa sinimá bíi tirẹ̀ kò ju kí wọ́n máa wá ẹ̀sùn sí sinimá lẹ́sẹ̀. Àṣé ìfẹ́ ni. Richardson ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Tí mo bá délé, èmi àti ọmọ mi máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, a ó sì máa sọ̀rọ̀ dípò àwọn tó wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi fi ń sọ tiẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá ń bínú níbẹ̀: Yorùbá ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.