Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Akpassi

Ẹ má bú mi jù, èmi fúnra mi ti bú ara mi tó. Láyé ìjọba kọ́múníìsì, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámárádì, nọ́ọ̀sì ni mí ní Savalou, mo sì ń ṣe ògbufọ̀ fún dókítà kan tó wá láti òkè òkun. Àwọn tí ibà pọ́njú, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ti ṣe rí, tí wọ́n sì yè, ni dókítà yìí ń wá kiri. Ó ní sójà tó ń bá àrùn náà jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òun fẹ́ fi ṣe oògùn fún ẹlòmíì.

Ìyá kan wà ní Akpassi. Ibà yẹn dá òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ dùbúlẹ̀ pọ̀; ọmọ kú, ìyá yè. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́: "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ló máa gba ọmọ ẹlòmíì sílẹ̀." Ló bá na apá.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e sínú àpótí yìnyín, mo gun alùpùpù, ó di Bantè, lójú ọ̀nà Savalou. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta epo bẹntiróòlù níbẹ̀ ní ká ta ayò kan. Ọ̀kan di mẹ́rin. A kó bíà sínú àpótí náà kó lè tutù, a ń ṣí i, a ń pa á dé nínú oòrùn. Nígbà tí mo máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, yìnyín ti di omi, ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ìyá pé bíà ló bà á jẹ́?

Káàdì mi sọ pé mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà yẹn, èyí tó ń fi irú sójà bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Irọ́ ni, mo bẹ̀rù abẹ́rẹ́ bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi, mo gún ara mi, mo fa ẹ̀jẹ̀ tèmi sínú ìgò mìíràn, mo kọ orúkọ ìyá sí i lára. Òmùgọ̀ ènìyàn! Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tó yá, tí dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ inú ìgò náà wò tán, ó ní ká jọ lọ sí Akpassi. Ìyá ti gbé àga síta dè wá, ó wọ aṣọ tó dáa. Dókítà ń sọ Faransé, èmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ìṣà, èdè wọn níbẹ̀: ìyá, kò sí sójà kankan nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ibà yẹn ò ṣe yín rí. Ojú ń tì mí débi pé ẹsẹ̀ ìyá ni mò ń wò.

Ìyá kọjú sí mi. Ó wá bi èmi gan-an pé: "Ọmọ mi, tí kì í bá ṣe ibà yẹn, kí ló wá pa ọmọbìnrin mi, tó fi mí sílẹ̀?"

Dókítà bi mí pé kí ni ìyá wí. Mo ní ó ń dúpẹ́ ni.