Ilẹ̀kùn Awakọ̀

Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò ṣí ní àdúgbò náà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, gbogbo ènìyàn sì mọ ìwà rẹ̀ bí ẹni mowó. Bí ó bá jẹ́ pé onílé ló ti ara rẹ̀ mọ́ ìta, yóò ní kí ó fara balẹ̀. Yóò mu tíì rẹ̀ tán, yóò to irinṣẹ́ sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ènìyàn wà nínú yàrá tó há náà, ìbáà ṣe ọmọ ọdún méjì nínú balùwẹ̀, eré ni yóò sá lọ tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan, kò sì ní í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Àwọn aládùúgbò ní ojú àánú ló ní. Ìyàwó rẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì kì í mú owó wọlé, ó ń kó o jáde ni. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kún fún táǹkì ogun. Àwọn oníke ni, tí a ń rà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí a ń fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀, tí táǹkì gidi sì fi ìlọ́po márùndínlógójì tóbi jù wọ́n lọ. Ti Rọ́ṣíà ni gbogbo wọn, nítorí táǹkì Rọ́ṣíà ni wọ́n fún un lò nígbà tó ṣe sójà nínú ogun ìgbà èwe rẹ̀. Ó fẹ́ràn ètò. Ẹmú mẹ́ta, fáìlì ìharin mẹ́fà, abẹ méjì, kálukú ló ní ààyè tirẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn tí wọ́n jọ ń to táǹkì máa ń sọ pé ọjọ́ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ yọ rúlà wọn ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Mẹ́tàlélógún ni wọ́n lórí pẹpẹ. T-34 wà níbẹ̀, T-62 wà níbẹ̀, àní èyí tí kò ní orí tó ń gbé ìbọn yí, tí wọ́n fi ń wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́, òun náà wà níbẹ̀. T-55 ni kò sí.

Ìyàwó rẹ̀ ló kíyè sí i. Aránṣọ ni ìyá náà kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní ti òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìka kọ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti yàrá dé yàrá, títí ó fi dé ti ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá wọn."

"Hẹn."

"Mo ti ka àwọn táǹkì yín. Ti àbúrò mi dà níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà ń fi fáìlì ha ike kan. Kò gbójú sókè. "Kò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ojú ló ń fọ́, orí ò tíì fọ́. Ẹ bá mi to èyí tí ẹ jọ wà nínú ẹ̀, kí ojú yìí tó ṣú tán."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń sọ. Nínú ogun náà, òun ló ń wa táǹkì tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ayìnbọn rẹ̀. Ayìnbọn ló padà wálé, awakọ̀ kò padà. Nígbà tí ogun parí, ayìnbọn gbé fìlà awakọ̀ lọ fún àwọn ẹbí rẹ̀, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sunkún lórí máṣíìnì ìránṣọ pé, "Wéré báyìí ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kú." Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Wọ́n bímọ mẹ́ta, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá náà sì fi ń sùn láti ọjọ́ náà: wéré báyìí ni.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páálí táǹkì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í yọ pẹ́ńsùlù kúrò lẹ́yìn etí.

"Àwọn ọlọ́gá ti dé! Skúrù wo ni wọn ò dè dáadáa lónìí?"

"T-55 ni mo fẹ́."

"Ẹ̀yin? Mo rò pé ẹ̀ ń bá a jà ni."

Ó gbé páálí àkọ́kọ́ wá. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà. Orí táǹkì ibẹ̀ ní nǹkan róbótó kan lójú òkè bí olú. T-54 ló ní irú ẹ̀, T-55 kò ní in.

"Orí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n gbé lé àbúrò lọ́rùn," ló wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, páálí mìíràn dé. Èyí, táyà rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Oníṣọ́ọ̀bù ní ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe táyà àrọ́pò tó nípọn dáadáa, òun lè bá wọn kọ̀wé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní kó kọ̀wé. Táyà dé, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ẹ̀wọ̀n oníke tí táǹkì fi ń rìn. Ti irin ni kó bá òun wá, tí wọ́n ń so pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wọ̀n dé. Ó tún ní ó ku ọ̀pá ìbọn onírin. Oṣù méjì kọjá báyìí.

"Ṣé ẹ fẹ́ ra táǹkì ni," ni ìyàwó rẹ̀ bi í nídìí tíì àárọ̀, "àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Páálí kẹta ni ó rà níkẹyìn. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló pé, àfi ibì kan: ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú táǹkì gidi, awakọ̀ máa ń dá jókòó níwájú, lápá òsì, ó sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ lókè orí. Nínú páálí yìí, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ara táǹkì ni. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lásán ni wọ́n fà yí i ká.

"Èyí ni gbogbo ayé ń bú," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Ilẹ̀kùn ẹ̀ kì í ṣí."

"Òun ni mo fẹ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ dá páálí padà nítorí olú?"

"Dì í fún mi, jọ̀ọ́."

Ó ní ìdí. Ní ọjọ́ náà, táǹkì wọn rì sínú ẹrẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Àwọn ọ̀tá wà níwájú lápá òsì, lẹ́yìn àwọn igi, ayìnbọn sì yí ìbọn sí wọn. Nígbà tí ọ̀tá mìíràn gba ẹ̀yìn yìnbọn lu táǹkì, tí ẹ́ńjìnnì gbiná, àwọn mẹ́ta tó wà nínú orí táǹkì gba òkè fò jáde, ayìnbọn ló kẹ́yìn. Awakọ̀ nìkan ló kù. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ti dí i. Ti òkè orí rẹ̀, ọ̀pá ìbọn ló dábùú lé e. Bí ìbọn T-55 bá ti wà lókè ilẹ̀kùn awakọ̀, ilẹ̀kùn náà kò lè ṣí. Ayìnbọn mọ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn ní bárékè: kí o tó jáde, yí ìbọn kúrò. Iná mànàmáná inú táǹkì ti kú, ọwọ́ ni ì bá fi yí i. Kò yí i. Ó sì dúró lórí táǹkì náà pẹ́ tó láti gbọ́ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe ń fi sípánà kan ilẹ̀kùn.

Èyí ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn tí kì í ṣí, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti so ẹ̀wọ̀n irin náà, ó ti de táyà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé wá, tó na ọwọ́, tó sì gba ara táǹkì náà. Ó fi ìka wá a láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀ dà?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó pa dé ni."

"Ìlà lẹ̀ ń pè ní ilẹ̀kùn? Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, orí ẹ̀ ló yọ níbẹ̀, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Bàbá wọn, ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ìlú. Ti àbúrò mi ló wá kù?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú páálí nìyẹn."

"Mo ti fọwọ́ wá a lánàá, mo sì ti fóònù obìnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ń ṣe ilẹ̀kùn àrọ́pò fún un, onídẹ, tó ń ṣí tó ń pa dé. Ó ti fi ọ̀kan pa mọ́ fún wa." Ó gbé ara táǹkì náà lé e lọ́wọ́. "Mo ní kó fi pa mọ́, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní í fẹ́ kó ṣàì pé."

Ó lọ gbà á. Ilẹ̀kùn náà kò tó èékánná ìka kékeré. Ìdè rẹ̀ tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Ó fi abẹ gé ojú ìlà náà jáde, ó fi fáìlì ha etí ihò, ó de idẹ náà sí i. Kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kùn ún, ó sì yí orí táǹkì sẹ́yìn pátápátá, tí ọ̀pá ìbọn fi kọjú síbi ẹ́ńjìnnì. Ó ní bí òun bá ti jẹun ọ̀sán tán, òun yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ orí náà pinpin, kí ó má lè yí mọ́ láéláé.

Nígbà tó fọ ọwọ́ tán tó padà, ìyàwó rẹ̀ ti jókòó lórí àga lójú fèrèsé, táǹkì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, oòrùn sì ń ràn sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti fi èékánná gbé ilẹ̀kùn náà sókè.

"Ó ṣí!" Omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ibí yìí ló ń gbà wọlé."

"Ibẹ̀ ni. Gbé e wá, kò tíì gbẹ."

"Ó ti gbẹ." Ìka rẹ̀ ti ń gun òkè orí táǹkì lọ. Ó dúró. "Kí ló dé tí ìbọn kọjú sẹ́yìn?"

"Bí a bá ń rìnrìn àjò, ẹ̀yìn la máa ń yí i sí."

"Ṣé ìrìn àjò lẹ wà lọ́jọ́ náà ni? Ẹ ní ẹ há sínú ẹrẹ̀. Ẹ ní wọ́n wà lápá òsì, lẹ́yìn àwọn igi." Ó mọ ìtàn náà bí ọmọ ilé ìwé ṣe mọ ábídí. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó yí orí táǹkì náà bọ̀ níwájú, ó sì tún sún un sí òsì díẹ̀. "Bó ṣe wà nìyí, àbí?"

Ì bá ti ní rárá. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò lè sọ ọ́.

Ìyá náà tún fi èékánná gbé ilẹ̀kùn. Idẹ kan irin, ó dún kín. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó dún kín. Lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá wọn, kò ṣí mọ́."

Ó fi ìka tọ ọ̀pá ìbọn náà títí dé orí ilẹ̀kùn.

"Ìbọn ló dí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ń yí ìbọn?"

"Èmi ni."

Ìyá náà mú ìka kúrò lórí ilẹ̀kùn. "Ẹ ní kò mọ̀."

"Mo purọ́."

"Ó pariwo?"

"Ó ń fi sípánà kàn án, láti inú."

"Ìwọ sì ti wà níta." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pè é ní ìwọ rí.

"Mo ti wà níta. Iná ti kú, ọwọ́ ni ǹ bá fi yí i. Ogún ìyípo ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn mi ń gbóná. Mo ní..."

"Kà á."

"Kí ni?"

"Ogún náà. Kà á kí n gbọ́."

Ó dúró láàárín yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí nínú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ó rán an. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá ó ṣíwọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró dè é. Ó kà á dé ogún.

"Kò pẹ́," ni ìyá náà wí.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri, ó gbé táǹkì náà lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ náà.

Kí ọdún tó parí, ojú ọ̀tún náà lọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ṣì ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí dókítà ní yóò dín ìrora kù. Ìyá náà yóò gbé ojú sókè fún un. Táǹkì náà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbàkigbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń nu eruku níbẹ̀, ó máa ń bá a pé wọ́n ti yí ìbọn kúrò sí ọ̀tún, ilẹ̀kùn awakọ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ó ń nu ìdí rẹ̀ yí ká ni, kò fọwọ́ kàn án. Kò to òmíràn mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, fóònù dún. Ìyá ọmọ kan ní òpópónà kejì ni. Ọmọ rẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara rẹ̀ nínú yàrá, ó ń sunkún. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti gbé àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, ó ń wá bàtà ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó nínú yàrá tirẹ̀, ó gbọ́ ohun gbogbo.

"Fi bàtà sílẹ̀," ló wí láti inú lọ́hùn-ún. "Sáré."