Egungun Tó Wà Lábẹ́ Ìkarahun

Ìkarahun ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú asẹ́ tí Ìyá Àgbà ń mì, omi dúdú ń kán láti abẹ́ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti ká ìró wọn sókè dé orúnkún, wọ́n fi gèlè àtijọ́ kan di ìbàdí. Èmi wà nínú kòtò, omi mù mí dé kókósẹ̀, mò ń fi ọwọ́ kó ìkarahun sínú bàsíà. Òórùn irà ibẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi títí di òní: bí ẹyin tó ti bàjẹ́, bí ewé tó ti rà, tí iyọ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti ba ohun kan tí kì í ṣe ìkarahun.

Mo fà á jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ó sì wúwo bí òkúta. Nígbà tí mo fi omi ṣàn án, mo rí eyín tó tò sórí rẹ̀. Egungun àgbọ̀n ni. Ìyá Àgbà kò sáré. Wọ́n gbé asẹ́ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Mo bi wọ́n pé kí ni.

"N ò mọ̀, ọkọ mi," ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pe gbogbo àwa ọmọ ọmọ wọn, torí ilé ọkọ wọn la jẹ́. Wọ́n bá gbé egungun náà lọ sínú ìkòkò tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n, ilé wọn sì wà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé náà rẹlẹ̀. Omi ọ̀sà ti jìnnà síbẹ̀, èèyàn á rìn kó tó dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá gbẹ́ iyanrìn kúrò, ìkarahun ló kún ìsàlẹ̀ bámúbámú. Ìyá ọkọ wọn ló ń gbẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, òun ló fà á lé wọn lọ́wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń gbẹ́ ẹ. A ó jọ̀ ọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a sórí tapólì, lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà á gún un lódó, wọ́n á tà á fún ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn Navy Town. Adìyẹ tó bá jẹ ẹ́, èèpo ẹyin rẹ̀ máa ń le. Tí mo bá sùn lọ́dọ̀ wọn, ariwo odó yẹn ló máa ń jí mi láàárọ̀. Tí mo bá jáde, màá rí ìyá arúgbó tí ẹfun ìkarahun ti kùn ní ìpéǹpéjú, bí ẹni tó hu irun funfun tuntun.

Wọ́n ní òfin kan. Ohunkóhun tí kòtò bá mú wá tí kì í ṣe ìkarahun, a kì í jù ú nù, a kì í sun ún, a kì í tà á. Inú ìkòkò yẹn ló ń wà, àpáàdì, egungun ẹja, òkúta tí apẹja fi ń rì àwọ̀n, títí a ó fi dí kòtò nígbà tí òjò bá fẹ́ dé, tí a ó sì dá a padà. Mùsùlùmí tó ń kírun ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ètùtù. Wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí lásán ni, pé a kì í wọ ilé onílé ká máa da ẹrù rẹ̀ nù.

Ní sáà yẹn, tíṣà báyọ́lọ́jì wa ń kọ́ wa bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwòrán agbárí wà nínú ìwé wa, wọ́n tò wọ́n láti orí kékeré dé orí ńlá. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn kíláàsì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò tún sídìí tí wọ́n fi ń ra ìwé, iwájú orí tirẹ̀ nìkan ti tó wa kà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní òun ò sọ pé ọ̀bọ bí ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé àwa àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan nígbà tó ti pẹ́ gan-an, egungun inú ilẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí wọn. Lẹ́yìn kíláàsì, mo sọ fún un pé egungun kan wà nílé wa.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà láti Ìyànà-Ìbá. Ìyá Àgbà fún un ní ẹ̀pà àti omi tútù. Ó di egungun náà mú bí ẹni di ẹyin mú. Kò fọ́nnu. Ó ní òun ò lè sọ bóyá ti ẹranko ni tàbí ti èèyàn, àmọ́ ó ti ń di òkúta, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti rí báyẹn ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ó fẹ́ gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n ní yunifásítì. Ẹnu ìyẹn ló wà tí bàbá mi fi wọlé láti Okokomaiko, níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe.

Bàbá mi ti kúrò nínú ẹ̀sìn ìyá rẹ̀ tipẹ́, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kí tíṣà dáadáa, ó bi í ní ohun tó ń ṣe, tíṣà sì ṣàlàyé láì fi nǹkan kan pa mọ́. Bàbá mi ò jà. Ó sìn ín dé ọ̀nà. Ìgbà tó padà wọlé ló tó sọ̀rọ̀.

"Màámi, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ mi pé ọ̀bọ ni baba rẹ̀, mi ò lè rán an lọ síbẹ̀ mọ́."

Ó ní tí sáà náà bá parí, màá lọ kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní ká fọ́ egungun náà, ká da pẹtiróòlù sí i, ká sun ún.   Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, kò sì sí ẹni tó ń ṣe nọ́ọ̀sì láìsí báyọ́lọ́jì.

Ìyá Àgbà ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n máa gbè sẹ́yìn tíṣà nítorí mi. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ Ádámọ̀," ni wọ́n sọ fún bàbá mi. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé kéwú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe kà á nínú Bíbélì. Ìyẹn ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa dáná sun nǹkan yìí nílé mi. Bó bá jẹ́ ẹranko, kò ṣẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ èèyàn, ará wa ni."

 Wọ́n wá bi bàbá mi ní ohun tó fẹ́, tí ọmọ á fi padà sí kíláàsì rẹ̀.  Ó ní kí egungun kúrò nílé, kí wọ́n má sì gbé e fún tíṣà, torí òun ò fẹ́ gbọ́ pé ilé bàbá òun ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ń já ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nírọ́. Ìyá Àgbà ní ó dáa, àwọn á dá a padà sínú kòtò, àwọn á sì dí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì kù nígbà yẹn, ìkarahun sì pọ̀ nísàlẹ̀ tí a ò tíì kó. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbà.

Nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, tíṣà tún dé. Ó gbé páálí kékeré kan dání, ó ti tẹ́ òwú sínú rẹ̀. Òwú yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Àgbà ro gbogbo rẹ̀ fún un láì fi bò. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní tí a bá bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn wá kọ́lé lé e, a ò ní mọ ohun tó jẹ́ láéláé. Òótọ́ ló ń sọ, mo sì rí i lójú Ìyá Àgbà pé wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "ẹ ní ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Á tún dúró dè yín. Ọmọ yìí ò lè dúró."

Ó wò mí, ó wo páálí rẹ̀, ó dé e. Ìyá Àgbà mú egungun jáde nínú ìkòkò, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ pé kí òun fúnra rẹ̀ gbé e sílẹ̀. Tíṣà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi dúdú yẹn, ó sì tẹ́ ẹ sí ibi tí mo fi hàn án. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń wa iyanrìn sí i títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. 

Bàbá mi pa àdéhùn mọ́. Mo ṣe báyọ́lọ́jì dé òpin, mo yege nínú rẹ̀. Mi ò di nọ́ọ̀sì ṣá. Mi ò yege nínú ìdánwò ìwọlé, oyún dé, ìgbéyàwó dé, ní báyìí mò ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìyànà-Ìbá. Ìyá Àgbà ti lọ. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé, ilé alájà ló wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín ò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ fẹ́ńsì rẹ̀. Tíṣà ti kúrò ní iléèwé yẹn, mi ò mọ ibi tó wà.

Èmi gbà pé Ọlọ́run ló dá wa. Mo tún ti di egungun yẹn mú rí, mo rí eyín rẹ̀. Ohun méjèèjì ń gbé inú mi bí ayálégbé tí kì í kí ara wọn, mi ò sì lé ọ̀kankan jáde. Àmọ́ ohun tó ń bá mi gbé jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ egungun. Ìyá Àgbà fara mọ́ ohun tí bàbá mi gbà gbọ́, síbẹ̀ èmi ni wọ́n dì mú. Ọmọ mi obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé báyìí, ó ń kó oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò gba tiwọn rárá, tí ẹnu mi á ti là láti pa á lẹ́nu mọ́. Mo máa ń dúró ná. Mo máa ń bi ara mi pé, bí mo bá borí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ọmọ mi máa pàdánù?