Bàálù Tó Kọ Ọ̀tún

Bàálù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Ìlọrin, ó forí lé Àbújá, ni ọwọ́ ìtukọ̀ rẹ̀ bá há. Òsì nìkan ló ń yà sí, ó kọ ọ̀tún pátápátá. Èrò mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Olúwọlé, igbákejì awakọ̀, di ọwọ́ ìtukọ̀ náà mú, ó ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọlé. Kápútéènì Abdulfattah, ọ̀gá rẹ̀, wò ó títí.

"Olúwọlé, fi í sílẹ̀. O ti jẹ́ kó mọ̀ pé a nílò òun."

Bí Kápútéènì, tó ti di olóògbé báyìí, ṣe ń nájà ní ọjà Ìpàta nìyẹn. Iṣu tó bá wù ú ló máa ń bú, á wá kẹ́yìn sí i, á máa lọ. Hàlímọ̀tù tó ń ta iṣu níbẹ̀ ní ó dé ìsọ̀ òun lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n sì pe àlàásárì bá a níbẹ̀. Ó kúrò lẹ́ẹ̀mẹfà, ó padà lẹ́ẹ̀mẹfà. Iṣu kan ṣoṣo ló rà.

Lọ́jọ́ bàálù yìí, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ní kí Kápútéènì yà sọ́tùn-ún, kó máa padà bọ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ọ̀tún ti tán lọ́jà, kí ni wọ́n tún ní?

Ló bá gba òsì. Ó ń yí po lókè, ó ń fún ẹ́ńjìnnì òsì lágbára díẹ̀, ó ń dín ti ọ̀tún kù díẹ̀, títí bàálù fi ń tọ́ bọ̀. Bí bàálù bá ti tọ́ díẹ̀, Kápútéènì á dáwọ́ dúró, á ṣe bí ẹni tí kò kàn.

Hidayat tó ń tọ́jú èrò wọlé wá sọ pé àwọn èèyàn ń béèrè ìdí tí àwọn fi rí àdúgbò Ṣàngó nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Kápútéènì gbé ẹ̀rọ sẹ́nu.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, bàálù yìí ní òsì lòun fẹ́, a sì ti gbà fún un. Ilẹ̀ làwa ń ná lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ di bẹ́líìtì yín, ẹ máa ṣàdúà, a ti fẹ́ẹ̀ gbọ́ra yé."

Bàbá kan tó ń jẹ́ Sàní bi Hidayat bóyá awakọ̀ yìí ń ṣeré ni. Hidayat ní òun náà fẹ́ béèrè.

Nígbà kẹrin tó yí po, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ bọ́ síwájú rẹ̀ gbọnrangandan. Ó balẹ̀. Bàálù sáré, ó tún yà sósì, ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú koríko. Kò sẹ́ni tó fara pa. Olúwọlé ní, "Ọ̀gá, a ti wọ koríko."

Kápútéènì ní éènì nìyẹn.

Ìtàn yìí kan náà ni wọ́n ń sọ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú Kápútéènì, nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Basin, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, kí Olúwọlé tó sọ èyí tó ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní nígbà tí èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, Kápútéènì ò lè tú bẹ́líìtì ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ lórí ìdè náà. Òun lòun bá a tú u. Ohun kan ṣoṣo ló sì sọ: "Má sọ fún Àsmá'ù."

Gbogbo ojú yí sí Àsmá'ù, ìyàwó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọkọ òun wọlé lọ́jọ́ náà, ó ní kò sí ìṣòro kankan, ó sì sùn lọ lórí àga tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Òun ò bi í ní nǹkan kan. Òun kàn kúnlẹ̀, òun rọra bọ́ bàtà náà fún un, òun sì jókòó tì í títí ó fi jí.