Ọdún Tí Ó Dín Ọjọ́ Kan

Ìgbà tí Ràbíátù gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bátìrì ni ọkọ rẹ̀ ń sọ. Hikmat ọmọ wọn ló pè láti ọsibítù, tó gbé fóònù sí bàbá rẹ̀ létí. Yésúfù kò béèrè bí ilé ti rí. Ó ní, "Ràbí, ṣé o ti ju tòní sínú agolo?"

Ràbíátù ń dín ata lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti jù ú, Baba Hikmat." Kò tíì jù ú.

"Ó dáa," ni Yésúfù wí. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Nígbà tí ata jinná, Ràbíátù lọ ju bátìrì kan sínú agolo. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n wá túfọ̀ fún un. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sunkún ní pálọ̀, ó tún dìde, ó ju òmíràn sí i, nítorí kò dá a lójú mọ́ pé òun ti ju ti àkọ́kọ́.

Aago ni Yésúfù ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ. Nígbà tí fóònù dé, tí kálukú ń wo aago lójú fóònù, iṣẹ́ rọlẹ̀. Ohun tó wá pọ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ: òkú bátìrì aago, pẹlẹbẹ funfun bíi bọ́tìnnì tí kò níhò, àti àyè láti jókòó. Ibẹ̀ ni Tíṣà Ọláyíwọlá bá a lọ́jọ́ kan tó wá pààrọ̀ okùn aago. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Òkè Àdó ló ń gbé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò sì sí ohun tí kì í bi èèyàn.

"Yésúfù, ọdún yín yìí, ibo gan-an ló ń gbé? Lọ́dún tí àbíkẹ́yìn mi wọ ilé-ìwé, inú ọyẹ́ lẹ gba ààwẹ̀. Inú òjò lẹ tún ń gbà á báyìí."

"Tiwa kì í dúró lójú kan, Tíṣà. Ó ń rìn."

"Ọjọ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

"Oṣù méjìlá ni."

"Mi ò bi ọ́ ní ti oṣù. Ọjọ́ ni mo bi ọ́."

Yésúfù mọ iye tí wọ́n kọ́ ọ nílé kéwú: ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ lé mẹ́rìnléláàádọ́ta, ọdún mìíràn a sì fi ọ̀kan lé e. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò kà á rí. Ẹni tó ń tún aago ṣe kì í gba ohun tí kò tú ìdí rẹ̀ wò gbọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí oṣù Mùhárámù tó ṣí ọdún wọn lé, ó gbé agolo mílíìkì òfìfo ka orí tábìlì pálọ̀ nílé wọn ní Bẹyẹrúnka. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti wọ̀ tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, á ju òkú bátìrì kan sí i. Bí ó bá di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, á gun Òkè Mápó, á wo ìwọ̀ oòrùn lókè àwọn páànù tó ti dípẹtà. Bí oṣù bá lé, oṣù ti parí nìyẹn. Bí kò bá lé, á sọ̀ kalẹ̀, á ka ọjọ́ kan sí i kó di ọgbọ̀n. Nígbà tó ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejìlá, ó ránṣẹ́ sí Tíṣà. Wọ́n da agolo sórí tábìlì, wọ́n kà á, Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́rìnléláàádọ́ta.

"Ọdún yín fi ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí tiwa," ni Tíṣà wí.

"Kò kéré. Ó yá ẹsẹ̀ ni. Ẹ ní ọmọ àádọ́rin ọdún lẹ jẹ́, àbí? Nílé tiwa, ẹ ti lé ní méjìléláàádọ́rin. Ẹ máa rọra rìn."

Ọdún kejì lé ọjọ́ kan sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta kò lé. Ní ọdún kẹrin ni tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kúrú. Tíì ń dà sí Ràbíátù lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sú u, ó mú bátìrì kan nínú agolo, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ìsọ̀ ni àpò bátìrì wà, orí tábìlì ni agolo wà. Ó ní tí ọkọ òun bá dé, òun á gba òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ dí i. Tábìlì dúró, Ràbíátù sì gbàgbé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á, Yésúfù gbọ́wọ́ lé tábìlì, ó ní, "Tábìlì yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀." Wọ́n kà á, ó jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ràbíátù gbé ẹ̀kọ wọlé, ó gbọ́ iye náà, ó wo ẹsẹ̀ tábìlì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú Yésúfù ń dán bíi ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ràbíátù ní kó jẹun tán ná.

Yésúfù kò jẹun tán. Ó ti lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí.

Ààfáà gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Èyí tó jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, a mọ̀ ọ́n. Èyí tó fi ọ̀kan lé e, a mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan tó kù yìí, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín."

Àdúgbò sọ ọ́ ní Baba Ó-Dín-Kan. Ó dá wọn lóhùn pé irú ọdún bẹ́ẹ̀ yóò tún dé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi wá a, tó ń gun Mápó pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Kò rí i. Ràbíátù ní òun yóò sọ fún un. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná. Ní ọdún kejì, ó ti tutù jù.

Oṣù méjì ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí Yésúfù kú, tí Ràbíátù ń ju bátìrì fún un lójoojúmọ́, Mùhárámù lé, Tíṣà sì gbé ìwé rẹ̀ dé. Hikmat jókòó tì wọ́n, nítorí ìyá rẹ̀ wà nínú opó. Wọ́n kà á, ó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún lé márùndínlọ́gọ́ta.

"Ẹ yọ ọ̀kan kúrò," ni Ràbíátù wí.

"Kí ló dé?"

"Lọ́jọ́ tí Baba Hikmat lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jù ú. Ẹ̀yìn ìgbà tí a sin ín ni mo rántí."

Tíṣà yọ ọ̀kan, ó kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta. "Ìyá Hikmat, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ ti máa bá wa kà á látilẹ̀." Ó ṣí ìwé sẹ́yìn. "Ọdún tó dín ọ̀kan yìí ló ń dà mí láàmú. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí yín fi í rẹ́rìn-ín, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dúró tì í. Ọwọ́ mi ni mo fi kà á. Ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ rántí nípa ọdún yẹn?"

"Òjò pọ̀ lọ́dún náà," ni Ràbíátù wí.

"Ó pọ̀." Tíṣà fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. "Tábìlì yìí lágbára o."

"Ó lágbára."

"Màámi, kí lẹ ń wò nílẹ̀?" ni Hikmat béèrè.

"Èèrà ni."

Tíṣà fi ìwé àti bírò sílẹ̀ fún Ràbíátù. Ó ní òun ti fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún náà. Bí ohunkóhun bá sọ sí i lọ́kàn, kí Hikmat bá a kọ ọ́, kí ìyá rẹ̀ sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n pe Mọ̀gàríbì, Ràbíátù mú bátìrì tí Tíṣà yọ kúrò, ó jù ú sínú agolo fún ọjọ́ kìíní ọdún tuntun.

Ti àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Wọn kò tíì kọ nǹkan kan sí àyè náà.