Ọjọ́ Mẹ́ta Tí A Fẹ́ Lò ní Amsterdam

Ẹ̀bi mi ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi, èmi ni mo ní kí ìyá mi fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi ní Amsterdam kó tó dé Èkó. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Èkó tààrà mọ́. Gbogbo wa là ń gba Yúróòpù kọjá, tí a ń tòògbé fún wákàtí mẹ́jọ lórí àga pápákọ̀ òfúrufú bí ẹni tí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta. Ìyá mi ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa ní Lake Arbor, ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti wá bá ìyàwó mi tọ́jú ọmọ wa kẹta. Mo ní dípò ìtòògbé, èmi yóò gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, n ó sìn ín dé Amsterdam, a ó rìn yí ìlú náà ká, n ó wá gbé e sínú ọkọ̀ Èkó kí n tó padà.

Mo ṣàlàyé ìlú náà fún un bí olùkọ́ jọ́gíráfì. Mo ní inú omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, pé odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló wà níbi tí títì ì bá wà, àti pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kẹ́rù láti ayébáyé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní àwọn ará Mákòókó náà ń fi ọkọ̀ ojú omi kẹ́rù, òun ò sì tíì rí ọmọ tó wọ bàálù mú ìyá rẹ̀ lọ wò wọ́n.

Mo yá ìwé atọ́nà arìnrìn-àjò nílé ìkàwé, mo tẹ́ máàpù tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Àwọn odò náà yí àárín ìlú po ní ìpele ìpele, bí òrùka tí omi máa ń ṣe bí òkúta bá jábọ́ sínú rẹ̀. Ìyá mi wò ó títí, ó bi mí pé ta ló ju òkúta náà.

Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì tí kì í rìn dé ìdí àpótí lẹ́tà láìkọ ètò sílẹ̀, kọ ètò wa sínú ìwé pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Ọjọ́ kìíní, ọkọ̀ ojú omi onígíláàsì. Ọjọ́ kejì, ilé tí wọ́n kó àwòrán àtijọ́ sí. Ọjọ́ kẹta, ọjà òdòdó, àti wàràkàṣì fún àwọn ará ìjọ. Ìyá mi ń rí àléébù lára gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní àwọn ilé inú ìwé yẹn ń dagun bí ọ̀mùtí, ta ni yóò sùn nínú wọn? Ìwé náà tún ní àtẹ̀gùn inú wọn ga ṣánṣán bí àkàbà, orúnkún rẹ̀ kò sì gba irú ìyẹn. Mo ní kó má fòyà, pé ìkọ́ kan wà ní téńté ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń fa ẹrù gba ojú fèrèsé wọlé, òun náà ni a ó fi fà á. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi fa ìyá ìyàwó mi wò.

Báyìí la ṣe ń ṣeré títí fọ́tò fi dé.

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní káúńtì níbẹ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Upper Marlboro. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì, gbọ́ pé Amsterdam là ń lọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ síbẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ó kó àpòòwé fọ́tò wọn fún mi pé kí ìyá mi fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá mi jókòó sórí àga, ó ń wo fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń na èyí tó bá wò tán sí ìyàwó mi, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ kan sìn ín. Òdòdó yìí á wọ́n o. Kí ló dé tí ajá jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi? Nígbà tó dé ibì kan, ọwọ́ rẹ̀ kò nà mọ́. Ọmọ jòjòló sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò yíjú. Mo dìde lọ dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

Afárá kékeré kan ni. Àbúrò obìnrin yẹn dúró sáàárín rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Odò tó wà lábẹ́ rẹ̀ pa lọ́lọ́, kò mì rárá, òjìji àwọn ilé sì dúró nínú rẹ̀ ní ìdojúdé. Ní ọwọ́ òsì pátápátá, níbi tí fọ́tò ti fẹ́ tán, ọkùnrin dúdú kan tó wọ kóòtù òjò fara ti irin afárá. Kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ọmọ kékeré kan tó wọ bàtà òjò pupa jókòó sí ìjókòó iwájú. Ọkùnrin náà yíjú díẹ̀, bí ẹni tó rí kámẹ́rà tó sì ń wá ọ̀nà àtiyẹra. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀," ìyá mi wí.

Mo fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwọn ará Amsterdam náà máa ń lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ tiyín náà ńkọ́?" ló bi mí.

Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lórí ọ̀tún. Bí mo ṣe máa ń dúró nìyẹn, nídìí síǹkì, nínú ìlà ní báńkì, níbi gbogbo. Mi ò bi ara mi rí pé ta ló kọ́ mi.

Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ṣubú níbẹ̀, wọ́n sì gbé e wálé lọ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù tí a fi mọ̀ ọ́n, àyà ló pin sí, ó sì ti ṣá tó fi jẹ́ pé fìlà nìkan lèèyàn lè rí dáadáa. Ọkùnrin orí afárá yìí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ. Èmi tí mo ń wò ó ti lé lógójì. Bí òun bá ni, a jẹ́ pé bàbá mi ti di àbúrò mi.

Kò sẹ́ni tó pe ohun náà lórúkọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí nínú wa tí wọn ò sọ ọ́ fún nígbà èwe: pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé máa ń lọ tẹ̀dó sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ọjọ́ tí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fi kàn án, ọjọ́ náà ni yóò ká aṣọ rẹ̀, wọn ò sì ní rí i níbẹ̀ mọ́. Èmi tí mo kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń fún ni ní fìlà onígun mẹ́rin, mo ti fi àkúdàáyà ṣẹ̀fẹ̀ láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá ẹ̀rín náà tì.

Láti ìgbà náà ni ètò wa ti yí padà, èmi sì ni mo yí i. Ilé ìjọsìn kan tó ní ilé agogo gíga hàn lẹ́yìn afárá nínú fọ́tò. Mo wá a nínú ìwé atọ́nà títí mo fi rí i, mo fi pẹ́ńsù fàlà sí ibi tí afárá náà gbọ́dọ̀ wà, mo sì pa òtẹ́ẹ̀lì tí a ti yàn tì, mo wá èyí tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Mo fagi lé ilé àwòrán. Mo fagi lé ọkọ̀ onígíláàsì. Ìyàwó mi dúró níwájú fìríìjì, ó ka ohun tó kù.

Ó bi mí bóyá mo ti gbà pé òun ni. Mo ní rárá o, mo kàn fẹ́ wò ó ni. Ó ní bí ó bá wá jẹ́ òun ńkọ́, kí ni n ó sọ fún un? Mo padà sídìí máàpù mi. Gbogbo ètò tí mo ṣe, orí wíwò ló parí sí. Mo fẹ́ mọ ojú rẹ̀, ìyẹn nìkan.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò tako mi. Ìbéèrè ló ń bi mí, ìbéèrè tó ń ba ọkàn jẹ́. Ṣé òtútù ibẹ̀ ju ti ibí lọ? Ṣé wọ́n ń ta ìrẹsì níbẹ̀? Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mi ò rí i nínú ilé. Mo bá a létí adágún tó wà láàárín àdúgbò wa, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń sáré ìdárayá. Ìkùukùu wà lórí omi, a kò rí òdìkejì. Ó bi mí bóyá omi yìí àti tọ̀hún pàdé níbì kankan. Mo fi ìmọ̀ mi dáhùn: adágún yìí ń ṣàn sínú odò kékeré, ìyẹn ń ṣàn gba Upper Marlboro bọ́ sínú odò ńlá Patuxent, Patuxent ń lọ sókun, òkun ọ̀hún náà ló sì kan ẹsẹ̀ Amsterdam. Ó mi orí. Ó ní òun ti rò bẹ́ẹ̀. Ó sún sẹ́yìn kúrò létí omi.

Mo wá hu ìwà àṣejù. Mo tọrọ fíìmù fọ́tò náà lọ́wọ́ obìnrin ibi iṣẹ́ mi, mo ní ìyá mi fẹ́ràn afárá yẹn, mo fẹ́ fẹ̀ ẹ́ fún un. Èmi àti ìyá mi jọ gbé e lọ sí ilé ìfọ-fọ́tò kan tí wọ́n ti ń ṣe é láàárín wákàtí kan. Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó tóbi tó ojú fèrèsé ọkọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ìyá mi gbé báàgì rẹ̀ lé itan, bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Nígbà tí mo fa fọ́tò náà yọ nínú àpòòwé, àbúrò obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín sí wa, eyín rẹ̀ tóbi. Odò wà níbẹ̀. Àwọn ilé wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, bàtà òjò pupa kan ṣoṣo so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, kò sí ọmọ lókè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó di kẹ̀kẹ́ mú.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kàǹtá ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ṣàlàyé fún mi tọkàntọkàn. Bébà ńlá kò gùn bíi fíìmù, ẹ̀rọ sì máa ń gé etí rẹ̀ sọnù. Gbogbo fọ́tò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké. Mo tún un sọ fún ìyá mi ní Yorùbá, ó sì yé òun náà. Síbẹ̀, bí a ṣe wọnú ọkọ̀, ó yọ fọ́tò kékeré ti àkọ́kọ́ látinú báàgì, ó fi gèlè bò ó lórí, ó sì yọjú wò ó lábẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó rí òun.

"Ó ṣì wà," ó wí. "Fi í sílẹ̀."

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀.

"A ò ní lọ. Ọjọ́ tí bàbá yín jáde, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ lo kéré jù. Wọ́n ti sin ín tán, o ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ló ń bọ̀. O bi mí fún ọdún kan gbáko. Ọmọ tó wọ bàtà pupa yẹn kò ní bi ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá, pé wọn kì í bi mí nípa bàbá mi kí n má parọ́, nítorí pé mi ò mọ ojú rẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn igi ni n ó sá sí. Kò ní rí mi.

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí o ní yẹn? Á mọ̀ ọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn. "Èmi ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi sílẹ̀. Kó wá rí mi tí mo ń tiro lórí afárá? Kí ìyàwó rẹ̀ tibẹ̀ sì bọ́ síta, kó kúnlẹ̀ kí èmi ìyálé?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣú, tí mo ní láti dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Lọ́jọ́ kejì mo pe obìnrin tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó jẹ́ kí Màmá gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní Màmá kò fẹ́ràn omi. Mo dá ìwé atọ́nà padà sílé ìkàwé. Mo ti fi írésà pa àmì pẹ́ńsù mi rẹ́, mo sì gbá ojú ibẹ̀ mọ́, kí ẹlòmíràn má baà tọ̀ ọ́ lọ.

Ó wá ku àpòòwé fọ́tò. Mo dá a padà fún oní-nǹkan lọ́jọ́ Ajé, nínú ọ́fíìsì. Ó bi mí bóyá ìyá mi fẹ́ràn ìlú náà. Mo ní ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò lọ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ṣí fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì rẹ̀ títí ó fi dé orí afárá. Ó fi èékánná rẹ̀ kan etí òsì.

"Háà, ọkùnrin yìí," ó wí. "Èèyàn dáadáa. A sọnù lọ́jọ́ yẹn, òun ló mú wa dé òtẹ́ẹ̀lì wa. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, ó sì bi wá pé níbo la ti..."

Mo ní kó jọ̀ọ́, ẹ̀rọ tẹlifóònù mi ń dún. Mo rìn lọ sídìí tábìlì mi ní ìkángun yàrá, mo gbé e, mo fi í sétí. Kò sẹ́ni tó pè mí. Ó ń han gooro létí mi, mo sì dì í mú bẹ́ẹ̀, mo kẹ̀yìn sí obìnrin náà, mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí mo fi gbọ́ tó kó fọ́tò sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, tó sì tì í pa.